Àwọn Tó Ń Jẹ́wọ́ ní Wákàtí Físíìsì

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilé-ìwé tí tiwa jẹ́, ẹ má fi ti ìwé pélébé aláràbarà tí Pírínsípà wa, Blažej Kmeť, ń pín fún àwọn òbí ṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Àgùdà ti ìlú Brezovany, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń jọ kẹ́kọ̀ọ́ “nínú ọ̀wọ̀ àti ìmọ́lẹ̀.” Ìmọ́lẹ̀ wo? Gílóòbù tó wà lẹ́nu yàrá físíìsì mi ti kú láti oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé lé e lórí. Èsì tí mo gbà ni pé ère Màríà Mímọ́ tó wà ní àbáwọlé ló kọ́kọ́ nílò iná.

Hedviga Sojková ni orúkọ mi. Níbí, gbogbo olùkọ́ girama ni wọ́n ń pè ní purofẹ́sọ̀, títí kan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fọn fèrè fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ fèrè yẹn gan-an ni Kmeť ń ṣe kó tó di ọ̀gá. Èmi, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ físíìsì nínú ilé yìí. Nígbà tí mo dé, ilé-ìwé ìjọba Kọ́múníìsì ni, ìràwọ̀ pupa ló sì wà lára ògiri lókè pátákó. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, wọ́n dá ilé padà fún bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n yọ ìràwọ̀, wọ́n gbé àgbélébùú kọ́. Ìṣó kan náà ni wọ́n lò. Mi ò fi èyí tàbùkù àgbélébùú o. Àgùdà ni èmi náà. Láyé ìràwọ̀, tí wọ́n lè lé tíṣà dànù nítorí pé ó lọ sí Mísà, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀ lọ sí ìlú kẹta kí n tó ráyè kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mẹ́fà ni ojú mi ti rí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò wo wákàtí físíìsì bí ẹni tó ń wo ẹran tí kò ní ẹni tó ni ín.

Láyé ìràwọ̀, wọ́n gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi fún Ẹ̀kọ́ Ìgbèjà Ilẹ̀ Baba. Àwọn ọmọ ń ju bọ́ǹbù onígi káàkiri pápá, wọ́n sì ń gba máàkì lé e lórí. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Kmeť fẹ́ gba méjì nínú mẹ́ta tó ṣẹ́kù fún mi ní kíláàsì kẹta àti ìkẹrin, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ tuntun tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ń jẹ́ Ìmúrasílẹ̀ fún Ìgbéyàwó.

“Àwọn ọmọbìnrin á wà ní yàrá kan, àwọn ọmọkùnrin á wà ní yàrá kejì,” ó sọ fún wa ní yàrá àwọn olùkọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dì mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ Olúwa.

“Ọ̀gá,” mo ní, “ṣebí ẹ̀yin lẹ ní à ń kọ́ wọn pọ̀?”

“À ń kọ́ wọn pọ̀, mà. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan la máa pín.”

“Mo ti gbọ́. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ò pa ọkùnrin àti obìnrin pọ̀.”

Tíì sá sí olùkọ́ èdè Látìn ní ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n sì gbá a lẹ́yìn títí. Kmeť kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ìpàdé ìparí oṣù karùn-ún ni wọn yóò fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ tuntun, pé ẹni tó bá ní àtakò kó kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan péré.

Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìntì, mo lè fi wákàtí kan ṣoṣo ṣeré títí yóò fi pé. Radka Hanusková ló gbà mí lọ́kàn. Ọmọ kíláàsì kẹta ni, ó ga, ó máa ń jẹ èékánná, kì í nawọ́ sókè rí. Òun nìkan nínú gbogbo ilé-ìwé ló fẹ́ ṣe físíìsì nínú ìdánwò àṣekágbá lọ́dún tó ń bọ̀, kó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ní Košice. Òfin sì wà pé ẹ̀kọ́ tí iye wákàtí rẹ̀ kò bá tó, ẹnikẹ́ni ò lè fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Tí Kmeť bá mú wákàtí méjì lọ, Košice ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà nìyẹn, yóò máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọkọ gbé.

Mo wọ ọ́fíìsì Kmeť lọ láti sọ èyí fún un. Rẹ́jísítà kíláàsì kẹta ló ṣí sí iwájú mi.

“Ẹ wò ó fúnra yín, mà. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, wákàtí kẹrin, físíìsì. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù kejì, mẹ́rìnlá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Oṣù kẹta, mẹ́tàdínlógún. Oṣù kẹrin, mọ́kàndínlógún.” Ó pa ìwé dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Àwọn ọmọ fúnra wọn ti dìbò. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run wù wọ́n ju físíìsì lọ.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìwé náà lù ú. Àṣà kan wà níbí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, Fáda máa ń jókòó nínú àgọ́ ìjẹ́wọ́ ní ṣápẹ́ẹ̀lì ilé-ìwé láti òwúrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì dìde láàárín kíláàsì tó ní, “Purofẹ́sọ̀, mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́,” olùkọ́ kankan ò gbọdọ̀ dá a dúró. Ta ló fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárín ọmọ ọlọ́mọ àti Ọlọ́run? Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lókè àgọ́ náà. Tó bá ń tàn, Fáda wà nínú ilé. Kmeť ló ra iná yẹn, ó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ rẹ̀. Oṣooṣù ló ń kọ iye àwọn tó jẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, iye náà kò sì fìgbà kan wálẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta kò dùn mí tó nǹkan kan. Mo mọ̀ wọ́n: ọ̀lẹ ni wọ́n, ìdánwò ni wọ́n ń sá fún. Ohun tó ń ká mi lára ni pé Radka náà wà lára wọn. Òun ló tilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dìde. Láti oṣù kejì, aago wákàtí kẹrin kì í tíì dákẹ́ tán tó fi máa ní, “Purofẹ́sọ̀, mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́,” kò sì ní padà títí wákàtí á fi parí. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yìí ń dá tó ń gba ìṣẹ́jú márùnlélógójì? Èmi ń jà fún un lókè, òun náà ń sá fún mi nísàlẹ̀. Ó dùn mí wọra, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún dé. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé ìdánwò lórí iná mànàmáná wà ní ọjọ́ kejì, pé mo fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Radka dìde, ó jáde. Òmíràn dìde. Kí n tó ṣí ìwé mi, ọmọ mọ́kànlélógún ló ti ronú pìwà dà. Méje ló kù, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Lúúsà, tí kì í jẹ́wọ́ fún fáda, wọn kò sì ní ibi tí wọ́n lè sá sí.

“Ẹ ka ojú ìwé ọgọ́rùn-ún,” mo sọ fún àwọn méje. “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira.”

Mo sọ̀kalẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé màá bi Fáda Silvester ní tààrà pé, Fáda, ẹ má sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń bá wọn sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà wọ ṣápẹ́ẹ̀lì. Mo rí ìlà náà láti ẹ̀yìn òpó: wọ́n tò sí apá ọ̀tún àgọ́ ìjẹ́wọ́, ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn, nínú ìwé orin kọ̀ọ̀kan sì ni ìwé físíìsì wà. Àárín ni àga Fáda wà; apá òsì ni ẹnikẹ́ni kì í lò, nítorí pé pákó ìkúnlẹ̀ ibẹ̀ ti là. Apá òsì yẹn ni mo yọ́ gbà, mo fa aṣọ ìkélé dé ara mi, mo kúnlẹ̀ lórí pákó tó là, ó sì gún mi lórúnkún.

Mo gbọ́ ohùn Oskar láti apá kejì. Oskar ni ọmọ tí mo máa ń sọ fún pé kó fi físíìsì sílẹ̀ kó lọ máa tún táyà ṣe.

“Wò ó, mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín fóltéèjì àti ìṣàn iná. Ìyá àgbà yẹn ti kọ ọ́ fún wa bí ìgbà mẹ́wàá. Mo ti há a sórí, ṣùgbọ́n orí mi ò mọ ohun tó gbé.”

Mo dúró de ohùn Fáda. Ohùn tó dáhùn, ohùn ọmọbìnrin ni.

“Ilé oúnjẹ la ń lọ. Gbọ́ dáadáa, mi ò ní í tún un sọ. Iye ènìyàn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣàn iná nìyẹn. Bí oúnjẹ ọjọ́ náà ṣe ń fà wọ́n tó, fóltéèjì nìyẹn. Màmá Žofia tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ìdènà nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá se halušky, báwo ló ṣe máa ń rí?”

“Wọ́n á máa ti ara wọn lulẹ̀.”

“Fóltéèjì ti ròkè nìyẹn. Ìṣàn ńkọ́?”

“Ó pọ̀ sí i.”

“Ọjọ́ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ńkọ́?”

“Ta ló ń lọ?”

“Ó dáa. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ halušky, ṣùgbọ́n tí Màmá Žofia ń wo tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn?”

“Ìṣàn á dín kù. Áà!” Oskar lu pákó. “Ṣé ohun tí gbogbo rẹ̀ dá lé nìyẹn? Kí ló wá dé tí ìyá àgbà yẹn ò lè sọ ọ́ báyìí?”

“Má bú u. Ó mọ físíìsì ju gbogbo wa lọ. Ó kàn ti gbàgbé bó ṣe ń rí kéèyàn má mọ̀ ọ́n ni. Dìde, jẹ́ kí ẹni tó kàn wá.”

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ìwé àlàyé tí mo fi ń kọ́ wọn, mo kọ ọ́ láyé ìràwọ̀, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Àlàyé onílà mẹ́rin ni mo ní fún fóltéèjì. Mo máa ń kà á jáde, wọ́n á kọ ọ́, màá sì bú ẹni tí kò bá lè kà á padà fún mi. Mo ti fi Kmeť ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti fi bíṣọ́ọ̀bù ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti fi gbogbo àwọn ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ṣẹlẹ̀ rí kí n wo ara mi. Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé pé èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Pákó abẹ́ mi ké. Fèrèsé onígi kékeré tó wà níwájú mi ṣí.

“Ta nìyẹn?” ọmọ náà bi mí láti inú òkùnkùn. “Ìbéèrè kelòó?”

“Kì í ṣe ìbéèrè,” mo ní. “Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo gbé wá.”

Ó yára sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. “Ẹ má sọ ọ́ fún mi o. Fáda ò sí níbí. Mi ò láṣẹ láti gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, mi ò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni rí. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọjà, Fáda máa ń wà níbẹ̀ láago márùn-ún.”

“Radka.”

“Jésù mi! Purofẹ́sọ̀!”

“Jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kẹfà, yàrá mi.”

Nígbà tó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Mo bi í bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

“Mo lọ jẹ́wọ́ lóòótọ́ ni, mà,” ó ní. “Oṣù kejì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó sì nira fún mi láti sọ ọ́. Mo dúró de Fáda. Mo dúró títí. Ìgbà tó yá mo yọjú, mo rí i pé àga òfìfo ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná jẹ. “Ni mo bá wọ inú rẹ̀ láti lọ pa iná, kí ẹlòmíràn má baà ṣe bíi tèmi. Bí mo ṣe wọlé báyìí, Oskar kúnlẹ̀, ó ní, ‘Fáda, oṣù mẹ́ta ni mo ti ń da iṣẹ́ àṣetiléwá físíìsì kọ.’ Mo gbàgbé ara mi. Mo ní, ‘Èwo nínú rẹ̀?’”

Mo ní láti yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó yẹ kó jáde.

Fáda Silvester, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìjọ mẹ́ta ló ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti oṣù kìíní, nígbà tí fáda ìlú kejì ṣubú tó ṣẹ́ egungun ìbàdí. Tí wákàtí kejì bá ti parí báyìí, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, á wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ó sọ fún Vendelín tó ń tọ́jú ilé pé kó máa pa iná. Kmeť sì ti sọ fún Vendelín pé iná náà ò gbọdọ̀ kú kí wákàtí kẹfà tó parí, nítorí pé kò ní bójú mu lójú àwọn òbí tó bá wá. Vendelín ṣe ohun tí ọ̀gá wí; òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Báyìí ni ilé-ìwé odidi ṣe ń kúnlẹ̀ síwájú àga òfìfo, kò sì sí ọmọ tó sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá sọ ọ́ ti pàdánù ọ̀nà tó ń gbà jáde kúrò ní kíláàsì.

“Tí wọ́n bá mọ̀ pé o jókòó sí ipò àlùfáà, wọ́n á lé ẹ,” mo sọ fún Radka. “Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀, mà.”

“O mọ̀, o sì tún lọ ní ìgbà mẹ́rin. Òmùgọ̀ ọmọ.”

“Wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n ni, mà,” ó ní. “Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.”

Mo lé e lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kmeť ránṣẹ́ pè mí. Tákàdá kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ó fi ìka méjì dì í mú ní etí bí ẹni tó mú eku tó ti kú. Vendelín ló rí i lórí àga Fáda nígbà tó ń gbálẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè físíìsì márùn-ún ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ènìyàn kéékèèké tó ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹnìkan jókòó síbi tí àlùfáà ń jókòó sí,” Kmeť ní. “Ìsọdàìmọ́ ni, mà! Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe é ò ní lo ọjọ́ kan sí i ní ilé-ìwé yìí, ilé-ìwé Àgùdà mìíràn ò sì ní gbà á. Ẹ̀yin lẹ ń máàkì ìwé wọn. Ẹ mọ ìkọ̀wé gbogbo wọn. Ta ni?”

Mo wo tákàdá náà. Bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà méje, bí ìlà ṣe ń gòkè díẹ̀ níparí, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi.

“Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ ńkọ́?”

Ó tẹ̀ síwájú. “A lè tún ọ̀rọ̀ wákàtí físíìsì yẹn sọ, mà. Èmi kì í ṣe òkúta.”

Ẹ gbọ́ mi. Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí ló gbé síwájú mi, àfi kí n fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀ san án. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin! Ẹni tó ń fọn fèrè bọ́ọ̀lù.

“Èmi ni,” mo ní.

“Ẹ̀yin kínni?”

“Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn.”

Ó wò mí bí ẹni tí ère bá sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin? Ẹni ọgọ́ta ọdún?”

“Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ẹ pe àwọn ọmọ méje tó kù ní kíláàsì mi lánàá, ẹ bi wọ́n bóyá mo wà níbẹ̀. Ibo lẹ rò pé mo lọ?”

“Ẹ… ẹ gba ipò àlùfáà!”

“Lọ́wọ́ ta ni mo gbà á? Ipò tó ṣófo láti oṣù kìíní. Ẹ bi Fáda Silvester ibi tó máa ń wà tí wákàtí kejì bá ti parí. Ẹ bi Vendelín ẹni tó ní kó má pa iná.” Mo fa àga, mo jókòó láìjẹ́ pé ó ní kí n jókòó. “Ọ̀gá, ní oṣù kẹrin, ọmọ mélòó lẹ kọ ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù pé wọ́n jẹ́wọ́?”

Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n.

“Mọ́kànléláàádóje,” mo ní. “Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra yín. Ta ló gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Àga? Èmi lè kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù náà o. Ojú ìwé kan péré, bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ.”

“Ẹ ń halẹ̀ mọ́ mi, mà.”

“Rárá o. Mò ń jẹ́wọ́ ni.”

Ó yí tákàdá náà dé, ó tún un yí. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, mi ò sì jẹ́ kó já lu ọ̀rọ̀ mi: wákàtí físíìsì á wà ní mẹ́ta, ní kíláàsì kẹta àti ìkẹrin. Kò ní wá ẹnikẹ́ni mọ́, láàárín àwọn ọmọ tàbí láàárín àwọn olùkọ́. Èmi á sì kọ̀wé pé ara mi ò yá, màá lọ ní ìparí oṣù kẹfà, láìdúró de ọdún méjì tó kù.

“Ta ni yóò wá kọ́ físíìsì náà?” ó bi mí.

“Ẹ wá ènìyàn tó tún rántí bó ṣe ń rí kéèyàn má mọ̀ ọ́n,” mo ní. Kò yé e. Ó kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn káàkiri ilé-ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé wọ́n ti lé ìyá àgbà físíìsì nítorí pé orí rẹ̀ dàrú, pé ó lọ jókòó sínú àgọ́ Fáda. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí mo ti bá jẹun ní tábìlì kan fún ogún ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan pàtàkì nínú ìwé ìròyìn tí mo bá ti wọlé. Olùkọ́ Látìn nìkan ló bọ̀ mí lọ́wọ́.

Radka wọ yàrá mi láìkan ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Mò ń lọ sọ́dọ̀ Pírínsípà báyìí,” ó ní. “Màá sọ pé èmi ni. Kò dáa, mà. Kò dáa rárá!”

“Pa ẹnu ẹ dé.”

“Ṣùgbọ́n irọ́ lẹ pa—”

“Mo pa irọ́, mo sì ti lọ sọ ọ́ fún Fáda tó wà lórí ìjókòó. Èyí tó kù, èmi àti Ọlọ́run la ó jọ yanjú rẹ̀. Ìwọ, tó o bá ṣí ẹnu ẹ, wọ́n á lé ẹ, físíìsì á lọ, èmi náà á ti lọ. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn? Ṣírò ó. Ṣebí o mọ ìṣirò.”

Ó ń sunkún wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fún un ní áńkáṣíìfù mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu ọmọ nínú, mi ò kọ́ ọ rí.

“Ọmọ mi,” mo ní, mi ò sì pe akẹ́kọ̀ọ́ kankan bẹ́ẹ̀ rí, “ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ fóltéèjì. Orí ìkúnlẹ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó yé ẹni tó ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tèmi ni o ṣe níbẹ̀. O ṣe é dáadáa, èmi ò ṣe é dáadáa. Òun ló jẹ́ kí n lè sọ pé èmi ni.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún mi. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta jókòó, mi ò ṣí ìwé àlàyé mi. Mo na ṣọ́ọ̀kì sí Radka.

“Orí kẹjọ, mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà,” mo ní. “Lọ síwájú.”

Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Gbogbo kíláàsì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tò nínú ìlà náà rí. Ó lọ. Mo rìn lọ sẹ́yìn, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oskar, lórí àga tó kéré jù fún mi. Oskar sún ìwé rẹ̀ sáàárín wa kí n lè rí i. Radka fa ìlà sórí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀, pátákó ló kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tó yá ó yíjú sí wa.

Ó débì kan tó sọ ohun kan nípa bí wáyà ṣe ń kọ̀ fún mágínẹ́ẹ̀tì tó ń sún mọ́ ọn. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo nawọ́ sókè, bíi tàwọn yòókù, mo sì dúró kó pè mí.